Ta Ló Ń Sọ Òkò Lu Páànù Wa?

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mi ò fi rí oorun gidi sùn. Bí aago kan òru bá ti ń lọ lù báyìí, gbà! lórí páànù. Nǹkan ọ̀hún á wá yí gbirigbiri, á gba orí yàrá Màmá kọjá, á já sínú gọ́tà tó ń gba omi òjò létí òrùlé. Á dákẹ́ díẹ̀. Gbà! Òmíràn tún dé.

Màmá ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti máa wádìí. "Ayé ni," ó ní. "Ta ló ń sọ òkò lóru bí kì í bá ṣe ayé?" Ó bu omi àdúrà wọ́n ẹnu ọ̀nà, ó ka Sáàmù 35 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì síta lóru. Èmi tí mo ń pe ara mi lọ́mọ̀wé, ṣé mo tàn án? Mi ò tàn án. Ọ̀sán ni mo máa ń gboyà.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ ni ohun tí à ń gbá láàárọ̀. Kóró fúrúùtù ni, tí nǹkan kan ti fi eyín ha ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, pẹ̀lú èérún kan tó rí bí òwú tí wọ́n fún gbẹ. Abẹ́ igi máńgòrò wa ni wọ́n pọ̀ sí jù. Bẹ́ẹ̀ a ò ní igi fúrúùtù nínú ọgbà. Ẹyọ kan tó wà ládùúgbò, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ló wà, ilé kẹta sí tiwa. Màmá di ìgbálẹ̀ mú, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Àdùkẹ́, máńgòrò wo ló ń so fúrúùtù?"

Mi ò ní èsì.

Òru ọjọ́ kan ni wọ́n mú iná wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iná òru kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn lé lórí. Mo fò dìde láti lọ tan ẹ̀rọ tó ń fa omi sí táǹkì. Mo tan gílóòbù ẹ̀yìnkùlé, mo gbójú sókè, mo sì rí i. Ó fi ẹsẹ̀ kan rọ̀ mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ó dorí kodò, ó fi ẹsẹ̀ kejì gbá fúrúùtù pípọ́n mọ́ àyà. Imú rẹ̀ gùn bíi ti ọmọ ajá. Irun ọrùn rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹyinjú rẹ̀ sì tóbi, ó ń tàn bí ẹyin iná. Ó ń yí èso náà po, ó ń họ ọ́, ó ń fún omi rẹ̀ mu, ó ń tu ṣàkàṣàkà rẹ̀ dànù. Kò tiẹ̀ kà mí sí. Nígbà tó ṣe tán, ó jẹ́ kí kóró bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Gbà!

"Ayé" tó ń sọ òkò lù wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àdán ni.

## Kò ṣeku, kò ṣẹyẹ

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àfi bó ṣe wá gba ibòmíràn yọ. Kí ló gbé ẹranko igbó wá sí ẹ̀yìnkùlé wa? Mo bi Màmá, ó ní igbó ló tán. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, irọ́ kọ́ sì ni, ṣùgbọ́n kò tó mi.

Ìdí tí kò fi tó mi ni pé àdán ti pẹ́ nílùú. Ẹni tó bá kàwé nínú ọgbà yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí kò nílò kí n ròyìn wọn fún un: ariwo ọ̀sán gangan, òórùn, àti agboòrùn tí èèyàn ń ṣí kọjá lábẹ́ igi láìjẹ́ pé òjò ń rọ̀. Láti àwọn ọdún 1970 làwọn onímọ̀ ti ń kọ̀wé nípa àwọn àdán yẹn. Ẹ tún jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Lọ́dún 1956, lára àdán irú èyí gan-an, ní Erékùṣù Èkó, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ẹbí ìdígbòlugi, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Lagos bat virus. A ò tíì gba òmìnira nígbà náà. Igbó ṣì wà lọ jàra. Àdán sì ti wà láàárín Èkó, ó so rọ̀.

Ní Accra, ilé ìwòsàn àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní 37 ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn ló máa ń bo orí igi ibẹ̀. Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé wọ́n gbé ọba kan tó ń ṣàìsàn wá sí ilé ìwòsàn náà, àwọn àdán ìlú rẹ̀ sì sìn ín wá. Ọba wàjà. Àwọn àdán kọ̀, wọn ò padà sílé, wọ́n ṣì ń dúró dè é. Ìtàn yẹn dùn mọ́ mi ju àlàyé èyíkéyìí lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo irú ibi tí wọ́n yàn: ọgbà ológun, ọgbà ilé ìwé, ọgbà ilé ìwòsàn. Igi ńlá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè kàn gbé ìbọn wọlé. Nínú igbó, ọdẹ wà, ayùn wà. Bí mo bá jẹ́ àdán, ibi tí mo máa gbé nìyẹn.

Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Èmi rò pé àwa èèyàn ló ń wò.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Fúrúùtù kì í ṣe igi wa. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Máńgòrò náà, Íńdíà. Dóńgóyárò tí àdán ń jẹ èso rẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ náà ló ti wá. Àwa la gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé nítorí ibòji, a sì wá ń bínú pé àlejò ń wá. A pa ọjà igbó rẹ̀ run, a tún kó ọjà tuntun síwájú ilé wa, a ní kó má ná an.

## Ohun tí Bàbá káfíńtà rí nínú gọ́tà

Oṣù karùn-ún ni òjò wá fìdí múlẹ̀, yàrá Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. A ránṣẹ́ pe Bàbá káfíńtà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, sọ́míìlì ni wọ́n sì ti lo ìgbà èwe wọn kí wọ́n tó máa kan òrùlé. Etí wọn ti wúwo díẹ̀ nítorí ariwo ayùn. Wọ́n gun àkàbà, wọ́n dé etí òrùlé, wọ́n sì dúró pẹ́ títí. Mo rò pé ara ń ro wọ́n ni.

"Ìyá Ṣọlá," wọ́n ké sí Màmá látòkè, "ẹ wá wo àlejò yín."

Gọ́tà òrùlé ti dí pátápátá. Ewé jíjẹrà, iyanrìn tí afẹ́fẹ́ gbé wá, kóró fúrúùtù, ìgbẹ́ àdán, gbogbo rẹ̀ ti di ilẹ̀ dúdú kan tó ń rùn díẹ̀. Lórí ilẹ̀ yẹn, nǹkan ti hù. Bàbá káfíńtà ń fi ọwọ́ tú wọn, wọ́n ń dárúkọ wọn bí ẹni ń pe ọmọ ilé ìwé. Ọ̀pọ̀tọ́. Ọ̀pọ̀tọ́. Ọ̀pọ̀tọ́ nìyí náà. Wọ́n wá dé orí ọ̀kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n hú u tòun tìdí, pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ wá nínú àtẹ́lẹwọ́.

Etí ewé rẹ̀ rí ṣéṣéṣé bí eyín ayùn. Abẹ́ ewé náà ha lọ́wọ́. Bàbá káfíńtà fi èékánná já ṣóńṣó kan, oje funfun sì yọ, kínún báyìí. Wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yọ́ ọ pọ̀, wọ́n wò ó bó ṣe ń fà.

"Ìrókò ni."

Màmá fi ẹ̀yìn rìn lẹ́sẹ̀ méjì. "Ìrókò? Lórí ilé mi?"

"Òun ni, Ìyá Ṣọlá."

"Ẹ bá mi jù ú nù, ẹ jọ̀ọ́. Àtikékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ó ń gbẹbọ."

Bàbá káfíńtà ò jù ú nù. Wọ́n jókòó sórí àpótí, igi kékeré náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Jíjù rẹ̀ nù ò le," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín. Ní gbogbo àdúgbò yìí, níbo lẹ ti rí ìrókò?"

A ronú, àwa méjèèjì. Kò sí. Èyí tí mo mọ̀ nígbà èwe mi, wọ́n ti gé e kí wọ́n tó ṣí ojú títì.

Wọ́n wá ṣàlàyé fún wa. Ìrókò ní akọ, ó ní abo, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Abo nìkan ló ń so èso aláwọ̀ ewé tó gùn bí ìka, tó máa ń rọ̀ tó bá gbó, tí kóró inú rẹ̀ kéré bí ìdin. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń wọ igbó, ẹni tó bá fẹ́ mọ abo kì í wo òkè. Ó kàn máa ń sun ibẹ̀ mọ́jú. Igi tí àdán bá ń jà lé lórí lóru, abo ni.

"Mi ò lè ka iye ìrókò tí mo ti là sí pákó láyé mi," ni wọ́n wí. "Mi ò gbin ẹyọ kan rí. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ẹni tó gbìn ín náà ló ń sọ òkò lù yín."

Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Màmá ń wo igi náà. Èmi ń wo gọ́tà tí mo ti ń bú láti oṣù kẹta, tí mo sì ti wá owó tí wọn yóò fi fi ọ̀dà dí i.

Òwe Màmá ò kúrò lọ́kàn mi fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Àwọn tó pa òwe yẹn, ìrókò pọ̀ lójú wọn, èèyàn ló kéré. Ẹni tó bá sùn gbàgbé, igbó á gba oko rẹ̀, ìrókò á sì di ohun tí apá ò ká. Ọgbọ́n ni lójú ayé tiwọn. Lónìí, ẹ̀rọ agégi kan ti tó láti bi ìrókò ọgọ́rùn-ún ọdún wó kí ẹnì kan tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ta ló kù tó ń gbẹbọ níbẹ̀?

## Ọ̀nà Ìbàdàn

Mo lọ kàwé. Àwọn olùwádìí ní Gánà ti fìdí ọ̀rọ̀ Bàbá káfíńtà múlẹ̀ tipẹ́: nínú gbogbo ẹranko tó ń jẹ èso ìrókò, àdán yìí, tí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ń jẹ́ Eidolon helvum, ló ń gbé kóró rẹ̀ káàkiri jù. Àwọn mìíràn so ẹ̀rọ atọ́pasẹ̀ mọ́ àdán lára ní Gánà bákan náà, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2016. Ohun tí wọ́n rí ni pé kóró kékeré lè wà nínú ikùn àdán kó sì rìn tó kìlómítà 75 kó tó jáde. Ẹ fa okùn tààrà láti Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, okùn yẹn ò tó kìlómítà 75. Ìyẹn ni pé ìyá igi tó wà lórí òrùlé wa lè wà níbikíbi láàárín wa àti òkè Ìbàdàn. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn abúlé kan tí mi ò ní dé láyé mi.

Ẹ rò ó wò. Igbó tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ Yorùbá ti di ègé ègé, oko kòkó láàárín, ilé láàárín, títì márosẹ̀ láàárín. Erin tó kù nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn náà ń gbé irúgbìn, irúgbìn ńlá pàápàá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni erin fi ń rìn. Bó bá bọ́ sí oko olóko, ìjà dé. Ọ̀bọ ò ní gba ọ̀nà márosẹ̀ kọjá lọ gbin igi sódìkejì. Àdán ló ń fò lórí gbogbo rẹ̀. Fún un, Ifẹ̀ pẹ̀lú gbogbo páànù rẹ̀ kò ju ibi tí èèyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ ra àkàrà lójú ọ̀nà. Ní Kasanka lórílẹ̀-èdè Sáńbíà, níbi tí àdán tó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá máa ń péjọ sí inú igbó kékeré kan láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, àwọn onímọ̀ tọ ipasẹ̀ mẹ́rin lára wọn. Ọ̀kan rin kìlómítà 2,518 láàárín ọjọ́ 149, ó gba ìhà Kóńgò lọ. Bẹ́ẹ̀ òkété wúwo jù ú lọ dáadáa lórí òṣùwọ̀n.

Ìdí mìíràn tí iṣẹ́ àdán fi ṣe pàtàkì ni pé ìrókò ò gbà kí èèyàn gbin òun lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìjọba gbin gmelina rẹpẹtẹ sí igbó Ọmọ àti Olúwà nítorí ilé iṣẹ́ bébà, ó hù. Wọ́n gbin tíìkì, ó hù. Ìrókò yàtọ̀. Kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Phytolyma máa ń yé ẹyin sára rẹ̀ nígbà tó bá ṣì kéré. Ewé á wú kókó, kókó á là, á jẹrà, ṣóńṣó igi á kú. Bí wọ́n bá tò ó bí àgbàdo, kòkòrò ti rí àsè. Àdán ní tirẹ̀ kì í tò. Ó kàn ń ya ìgbẹ́ bó ṣe ń lọ, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún.

## Igún náà mọ ìlú gbé

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà mí dé ibí kó wá máa rò pé nǹkan dára, pé ẹranko ti mọ bá a ṣe ń bá wa gbé. Ìyẹn gan-an lohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, igún ló kún odò ẹran. Wọ́n á tò sórí páànù bí àwọn àgbà ìjọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní í lé wọn. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Kò sí ẹyẹ tó mọ ìlú gbé tó o. Àwa la di ọbẹ̀ rẹ̀, àwa la di oko rẹ̀. Lónìí, ẹ lọ sí odò ẹran kẹ́ ẹ wòkè. Láti 2015 ni àjọ tó ń ka ohun ẹlẹ́mìí tó ń tán lọ láyé, IUCN, ti fi igún kékeré tó máa ń wà nílùú wa yẹn sí ìpele tó kẹ́yìn kí nǹkan tó di àwátì nínú igbó. Májèlé pa á, àwọn tó ń lò ó fún oògùn sì ń pa á. Ó sún mọ́ wa débi tí ọwọ́ fi tó o.

Àdán náà ń bọ̀ lọ́nà yẹn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Gánà tó jáde lọ́dún 2011 fi hàn pé ó kéré tán, 128,000 àdán ni wọ́n ń tà fún jíjẹ lọ́dún kan, ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Abo àdán, ọmọ kan ló ń bí lọ́dún. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn.

Màmá bi mí bóyá kì í ṣe àdán ló kó kòrónà wá. Mo ní ká má fọwọ́ kan àdán, yálà òkú tàbí ààyè, ká sì ju èso tó bá ti bù jẹ nù. Fáírọ́ọ̀sì tí mo dárúkọ lókè yẹn kì í ṣe eré. Ẹni tó bá fẹ́ràn àdán, kó fẹ́ràn rẹ̀ látòkèèrè. Lórí igi ló sàn jù fún àwa àti òun.

Ọ̀rọ̀ igi ló tún wá gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fẹ́ gé fúrúùtù ẹ̀yìn wọn nítorí pé ìgbẹ́ àdán ń ba ọ̀dà ọkọ̀ jẹ́. Mo lọ bá alàgbà kan níbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àwọn tó ń gbé ọkọ̀ síbẹ̀ ló ń dá ìdámẹ́wàá. Àdán ń dá bíi mélòó?" Mi ò lè bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Níkẹyìn, wọ́n gé ìdajì tó wà lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n fi ìdajì sílẹ̀. Igi náà wá rí bí ẹni tí onígbàjámọ̀ fá lórí apá kan tí iná wá lọ.

Màmá kọ̀ jálẹ̀ pé ìrókò ò ní hù nínú ọgbà òun. Òun ò lè máa bá olúwéré du ẹ̀yìnkùlé. Bàbá káfíńtà gbé e sínú agolo mílíìkì tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n gbé e lọ sí ààlà oko wọn lọ́nà Oǹdó. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí. Mo gbọ́ ohùn wọn tó ń ke lórí fóònù, bí gbogbo ẹni tí etí rẹ̀ wúwo ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ewé méjì ti wú kókó.

"Ṣé kí n gé orí rẹ̀ ni, àbí kí n fi sílẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n já ewé tó wú yẹn nìkan, ká máa wò ó. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á wò ó.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iná ò sí. Mo dùbúlẹ̀, mo ń fetí sílẹ̀. Nígbà tó tó bíi aago kan, gbà! Ó yí gbirigbiri, ó gba orí yàrá Màmá kọjá, ó já sí gọ́tà. Mo gbọ́ tí Màmá yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àdùkẹ́," ó pè mí láti yàrá kejì, "àgbẹ̀ rẹ ti dé o."

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ tí Màmá ń hanrun.